Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Módù Wi-Fi tó kọ̀ tí kò gba firmware tuntun

Lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lórí ESP8266, ṣíìpù Wi-Fi kékeré, pọ̀ lóṣù yìí, láti Ìlọrin títí dé Òmù-Àrán. Ohun kan náà ló jọ ń da ọ̀pọ̀ yín láàmú: ẹ ra módù tí gígùn rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 ààbọ̀ lọ, ẹ fẹ́ pa firmware inú rẹ̀ (ètò tó ń darí rẹ̀) rẹ́ kí ẹ fi òmíràn sí i, ó kọ̀. Èsì wa ò ní í gùn dọ́gba, torí wáyà kan péré ló máa yanjú òmíràn nínú àwọn ìbéèrè náà.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo so ESP-01, módù tó gbé ESP8266, mọ́ adápítọ̀ USB tó ní ṣíìpù FT232RL. VCC wà lára 3.3V adápítọ̀ náà, GND lára GND, TX lára RX, RX lára TX. Iná pupa rẹ̀ tàn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá ní kí esptool, ètò tó ń kọ firmware sínú módù, ṣiṣẹ́, ohun tó ń kọ síta ni «Failed to connect to ESP8266: Timed out waiting for packet header». Ẹni tó tà á fún mi ní ó ti jó. Ṣé òótọ́ ni? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ọ̀fà

Ohun tí ẹ kọ yìí kò fi hàn pé ó jó. Nǹkan mẹ́ta ló kù nínú ìsopọ̀ yín, iná ló sì burú jù nínú wọn.

Ètò kékeré kan wà nínú ROM ESP8266 tí Espressif, ilé iṣẹ́ Ṣáínà tó ṣe é, ti tẹ̀ mọ́ ọn kó tó kúrò lọ́dọ̀ wọn. Òun ló ń gba fáìlì láti ojú wáyà RX àti TX. Àṣẹ erase_flash, tó ń nu fíláàṣì (ìrántí tí firmware wà nínú rẹ̀), kò lè pa á, firmware tó bàjẹ́ kò sì lè nípa lórí rẹ̀. Bí ẹ bá tiẹ̀ ba gbogbo ohun tó wà nínú fíláàṣì jẹ́ pátá, módù ṣì máa dá yín lóhùn, bí iná tó ń jẹ bá tó, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì wà níbi tó yẹ nígbà tó ń jí. «Ó ti jó» rọ àwọn ọlọ́jà lọ́rùn láti sọ. Nínú módù tí wọ́n bá sọ ọ́ sí, ẹ kọ́kọ́ yẹ iná wò.

Nígbà tí ESP8266 bá ń fọ́n rédíò jáde, ó lè fa 170 mA, ó sì máa ń fà jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìṣẹ́jú akàn. Ìmọ̀ràn àwọn tó ṣe é ni pé kí ohun tó ń fún un níná lè gbé 500 mA ó kéré tán. Ní ti FT232RL, 50 mA péré ni ẹsẹ̀ 3.3V rẹ̀ lè gbé. CP2102, ṣíìpù adápítọ̀ mìíràn, sàn díẹ̀, 100 mA, kò sì tó náà. Iná pupa tó ń tàn kò já mọ́ nǹkan kan, torí mílíámpù díẹ̀ ló ń jẹ. Bí módù bá fẹ́ ṣiṣẹ́ gidi báyìí, fóòtì á já wálẹ̀, á tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, á tún já wálẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ á máa pè é, kò ní í gbọ́ èsì.

Ẹ wá AMS1117-3.3, ohun tó ń sọ 5V di 3.3V. Ó wà lára ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù àtijọ́, àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe lè tu ọ̀kan fún yín. Bí ojú tí wọ́n kọ nǹkan sí bá kọjú sí yín, tí ẹsẹ̀ mẹ́ta sì wà nísàlẹ̀, ti òsì ni GND, ti àárín ni 3.3V ti ń jáde, ti ọ̀tún ni 5V ń gbà wọlé. Irin pẹlẹbẹ tó wà lókè kì í ṣe GND o. 3.3V náà ló wà lára rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó kan irin mìíràn. Ẹ fi kàpásítọ̀ 10 µF sí ibi tí iná ń gbà wọlé, 22 µF sí ibi tó ń gbà jáde, kí ẹ tún fi ọ̀kan tó tó 100 µF sí 470 µF sí ẹ̀gbẹ́ VCC àti GND módù gan-an. Èyí tí wọ́n kọ 104 sí lára, ìyẹn 0.1 µF, ni kí ẹ fi lẹ́ẹ̀dì jó mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìlà tó wà lára kàpásítọ̀ ńlá ló ń fi ẹsẹ̀ GND hàn. Bí ẹ bá gbé wọn jìnnà sí módù, tí wáyà gígùn wà láàárín, iṣẹ́ tí ẹ tìtorí rẹ̀ rà wọ́n kò ní í ṣe é.

Ẹ má lo adápítọ̀ yẹn láti bọ́ AMS1117. Lára ọ̀pọ̀ irú rẹ̀, ohun kékeré tí wọ́n fi ń yan 5V tàbí 3.3V ló ń yan ti ojú wáyà TX àti ti ẹsẹ̀ VCC pa pọ̀. Orí 3.3V ló gbọ́dọ̀ wà, torí 5V kò yẹ kó wọ ẹsẹ̀ RX módù. Ṣájà fóònù 5V ni kí ẹ lò fún AMS1117, kí ẹ sì so GND tirẹ̀ mọ́ GND adápítọ̀. Bí GND méjèèjì kò bá so pọ̀, wọn ò ní í gbọ́ ara wọn, bó ti wù kí iná pọ̀ tó. Páwà báǹkì náà dára, àfi pé òmíràn máa ń pa ara rẹ̀ bí ohun tó ń fà á bá kéré.

A mọ̀ pé ẹnìkan á fẹ́ yọ bátìrì fóònù àtijọ́ torí wọ́n kọ 3.7V sí i. Bó bá kún, 4.2V ló ń gbé jáde, 3.6V sì ni òpin tí ESP8266 lè gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Bátìrì AA méjì tó ń ti ara wọn lẹ́yìn fún 3V dára jù ú lọ fún ìdánwò.

Ẹ ò dárúkọ CH_PD rárá. Ẹsẹ̀ yìí ló ń jí ṣíìpù. Bó bá wà lófìfo, módù á máa sùn tòun ti iná pupa rẹ̀. Ẹ fi rẹ̀sísítọ̀ 10k so ó mọ́ 3.3V. Èyí tó jẹ́ ESP-01S ti ní tirẹ̀ lára, àmọ́ kò sí ewu kankan bí ẹ bá fi kún un.

Ìkẹta ni GPIO0. Ìgbà tí módù ń jí nìkan ló máa ń wo ẹsẹ̀ yìí. Bó bá bá a lára GND, á dúró kó gba fáìlì. Bí kò bá bá a níbẹ̀, á kọjá lọ sí firmware tó wà nínú rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí: wọ́n á fi iná sí i tán kí wọ́n tó wá fi GPIO0 kan GND, ó sì ti pẹ́ jù nígbà yẹn. Ẹ kọ́kọ́ so GPIO0 mọ́ GND, lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi iná sí i. Bí iná bá ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ fi RST kan GND lẹ́ẹ̀kan kí ẹ sì yọ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí GPIO2 kan GND ní gbogbo àkókò yìí.

Ẹsẹ̀ 8 ni ESP-01 ní. Ìlà kan ni GND, GPIO2, GPIO0, RX. Ìlà kejì ni TX, CH_PD, RST, VCC. GND kọjú sí TX, RX kọjú sí VCC. Ẹ má tì í bọ inú breadboard. Àlàfo tó wà láàárín ìlà méjèèjì kéré jù, bó ti wù kí ẹ gbé e sí, ẹsẹ̀ tí kò yẹ kó kanra á kanra. Wáyà tó ní ihò lẹ́nu ni kí ẹ fi sí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí gbogbo èyí bá tò tán, ẹ bi í léèrè ohun tó jẹ́ kí ẹ tó kọ nǹkan sínú rẹ̀:

esptool.py --port COM5 flash_id

Lórí Linux, /dev/ttyUSB0 ló sábà máa ń dípò COM5. Esptool ẹ̀dà 5 ń kọ ọ́ bí flash-id, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gba ti àtijọ́. Ẹ wo ibi tó kọ «Device» sí. 4014 túmọ̀ sí 1MB, 4016 sí 4MB, 4013 sí 512KB, irú èyí tó wà lára ESP-01 aláwọ̀ búlúù ìgbà kan. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ẹ máa lò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀:

esptool.py --port COM5 read_flash 0 0x100000 atijo.bin

Iye yẹn wà fún 1MB, á sì gbà yín tó ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ní ìyára 115200. Fún 4MB, ẹ lo 0x400000, kí ẹ sì mú sùúrù fún bí ìṣẹ́jú 6. Fáìlì yìí nìkan ló lè dá módù padà sí bó ṣe wà nígbà tí ẹ rà á. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, torí bí módù bá ti wọ Wi-Fi ilé yín rí, ẹni tó bá ṣí fáìlì náà lè ka páásíwọ́ọ̀dù yín ketekete.

Ó ku erase_flash, lẹ́yìn náà:

esptool.py --port COM5 write_flash -fm dout -fs 1MB 0x0 tuntun.bin

Láàárín àṣẹ kan sí òmíràn, ẹ yọ iná kí ẹ sì tún fi sí i, pẹ̀lú GPIO0 lára GND, nítorí adápítọ̀ yín kò ní wáyà tó ń tún un bẹ̀rẹ̀ fún un. Bí ẹ bá rí «Hash of data verified», ẹ yọ GPIO0 kúrò lára GND kí ẹ sì fi iná sí i lẹ́ẹ̀kan sí i.

Láptọ́ọ̀pù mi ò rí adápítọ̀ CH340 rárá. Kò sí COM kankan. Mo ti pààrọ̀ adápítọ̀ náà, bákan náà ni. — Tanke, Ìlọrin

Ẹ pààrọ̀ kéébù. Ọ̀pọ̀ nínú kéébù tí wọ́n ń tà fún fóònù, wáyà iná méjì péré ló wà nínú rẹ̀, kò sí ti dátà. Ẹ fi kéébù yẹn so fóònù mọ́ láptọ́ọ̀pù. Bí fóònù bá ń gba iná ṣùgbọ́n tí fáìlì rẹ̀ ò hàn lójú láptọ́ọ̀pù, lẹ́yìn tí ẹ ti yan File transfer lójú fóònù, kéébù lẹ́bi.

Bó bá ṣe pé kéébù dára, tí Windows sì ń fi àmì ìyanu ofeefee hàn nínú Device Manager, dráífà CH340 ni kí ẹ fi sí i. Lórí Ubuntu 22.04, ètò kan tó ń jẹ́ brltty, tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ ìkàwé àwọn afọ́jú, máa ń gba CH340 mọ́ yín lọ́wọ́, á jọ pé pọ́ọ̀tù náà yọ, á sì tún sá lọ. Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé yín kò bá nílò rẹ̀, sudo apt remove brltty ló máa parí rẹ̀. Bí pọ́ọ̀tù bá wà ṣùgbọ́n tó ní «Permission denied», ẹ lo sudo usermod -a -G dialout $USER, kí ẹ jáde kúrò lórí kọ̀ǹpútà kí ẹ sì tún wọlé.

Ẹ kú àmójútó. Fíláàṣì mi parí dáadáa, ó kọ «Hash of data verified». Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí ojú serial, àmì rádaràda ló ń tú jáde, iná búlúù sì ń ṣẹ́jú láìdẹkùn. Mo ti fi firmware mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí i. — Òmù-Àrán

Ẹ dúró ná, ẹ má tíì fi ìkẹrin sí i. Àmì rádaràda yẹn lè máa sọ ohun tó ń ṣe é, ìyára tí ẹ fi ń kà á ni kò bá a mu. Ẹ yí ìyára ojú serial, ibi tí ẹ ti ń ka ohun tí módù ń sọ, sí 74880. Iye yẹn ṣàjèjì, àmọ́ ìdí wà fún un: ètò inú ROM rò pé kírísítálì 40 MHz ló wà lára módù, ó sì ń fẹ́ sọ̀rọ̀ ní 115200. 26 MHz ni wọ́n fi sí ọ̀pọ̀ módù, nítorí náà ohun tó ń jáde jẹ́ 115200 lọ́nà 26 nínú 40, ìyẹn 74880. Bí ètò yín kò bá ní iye náà nínú àwọn tó ṣe é yàn, ẹ lo Serial Monitor ti Arduino, ó wà níbẹ̀.

Ẹ máa rí ìlà bí èyí:

ets Jan  8 2013,rst cause:2, boot mode:(3,6)

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ nínú àkámọ́ ni kí ẹ wò. 3 túmọ̀ sí pé GPIO0 àti GPIO2 wà lókè, GPIO15 wà nísàlẹ̀, módù sì ń lọ sí firmware bó ṣe yẹ. Bó bá jẹ́ 1, GPIO0 ṣì wà lára GND, ẹ gbàgbé láti yọ ọ́. Bó bá jẹ́ 7, GPIO15 ló wà lókè. Èyí wọ́pọ̀ lára ESP-12 tí ẹ dá jó wáyà mọ́ fúnra yín, ẹ fi rẹ̀sísítọ̀ 10k fà á wá sí GND.

Bí ẹ bá rí 3, tí «csum err» sì tẹ̀lé e, tàbí «rst cause:4» àti «wdt reset» tó ń yí po, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ firmware gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni ẹ máa yẹ̀ wò. Àkọ́kọ́ ni ọ̀nà tí ṣíìpù ń gbà ka fíláàṣì, ìyẹn ohun tí ẹ kọ síwájú -fm. Qio ń lo wáyà dátà mẹ́rin, dio àti dout ń lo méjì. Ọ̀pọ̀ módù olówó pọ́ọ́kú, àti ESP8285 tí fíláàṣì 1MB rẹ̀ wà nínú ṣíìpù náà, kì í gbà qio. Wọ́n á kọ fáìlì náà wọlé láìsí wàhálà, torí kíkọ kò gba ọ̀nà yẹn. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ kà á padà ni wọ́n á kọsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí «Hash of data verified» yín fi jẹ́ òótọ́ tí módù ò sì ṣiṣẹ́. Dout ni kí ẹ máa lò títí ẹ ó fi ní ìdí láti ṣe ohun mìíràn.

Èkejì ni iye fíláàṣì. Firmware tí wọ́n ṣe fún 4MB kò lè gbé lórí 1MB. Ìkẹta kan àwọn tó ń dá AT firmware Espressif padà: lẹ́yìn erase_flash, ó tún nílò fáìlì esp_init_data_default.bin, èyí tó gbé ìwọ̀n rédíò rẹ̀. Ojú 0xFC000 ló ń lọ fún 1MB, 0x3FC000 fún 4MB. Tasmota (firmware tí ọ̀pọ̀ ń fi sí swíìṣì Wi-Fi) àti ohun tí ẹ bá fi Arduino ṣe kò nílò rẹ̀.

Bí ojú 74880 náà bá ṣì jẹ́ rádaràda, tí gbogbo rẹ̀ sì ń yí po, ẹ padà sí ohun tí a sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀fà nípa kàpásítọ̀.

Mo ní swíìṣì Wi-Fi tí wọ́n kọ 10A sí. Mo fẹ́ fi Tasmota sí i kí n máa fi fóònù tan ẹ̀rọ tó ń fa omi bọ́hóòlù wa, 1 HP. Ṣé mo lè so adápítọ̀ mọ́ ọn nígbà tó wà lára iná ilé, kó lè máa jẹ 220V fúnra rẹ̀? — Gáà Akànbí, Ìlọrin

Rárá o! Ẹ má ṣe é, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe é lójú yín. Lára ọ̀pọ̀ swíìṣì irú èyí, GND inú rẹ̀ àti iná 220V kò ya ara wọn. Bí ẹ bá so USB mọ́ ọn nígbà yẹn, irin láptọ́ọ̀pù yín lè di ojú wáyà iná, ọwọ́ tó bá kàn án á sì gbà á. Kí swíìṣì má so mọ́ iná ilé rárá, kí ẹ ṣí i, kí ẹ fún un ní 3.3V láti ara AMS1117 tí a sọ lókè, kí ẹ sì ṣe fíláàṣì rẹ̀ lórí tábìlì. Bátìrì láptọ́ọ̀pù ni kí ó máa lò, yọ ṣájà rẹ̀ náà. Ẹ pa ìkarahun swíìṣì dé kí ẹ tó dá a padà sára ògiri.

Kí ẹ tó ra lẹ́ẹ̀dì tí ẹ ó fi jó wáyà, ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì wo ohun tí wọ́n kọ sórí ṣíìpù inú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ESP8266 tàbí ESP8285, Tasmota á wọ̀ ọ́. Àwọn tó wà lọ́jà báyìí, ọ̀pọ̀ wọn ní BK7231 ti Beken. Tasmota kò lè gbé lórí rẹ̀, esptool pàápàá kò ní í bá a sọ̀rọ̀. OpenBeken, firmware tó bá a mu, ni kí ẹ wá fún un. Lára Sonoff Basic, bọ́tìnì tí ẹ ń tẹ̀ ló jẹ́ GPIO0: ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ fi iná 3.3V sí i, lẹ́yìn náà kí ẹ ju ú sílẹ̀. Ihò 3.3V, RX, TX àti GND wà lára bọ́ọ̀dù, ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí ètò wọn kì í ṣe ọ̀kan náà lára gbogbo ẹ̀dà.

Lẹ́yìn fíláàṣì, á gbé Wi-Fi tirẹ̀ jáde, orúkọ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú «tasmota». Ẹ wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú fóònù kí ẹ ṣí 192.168.4.1. Ẹ pa dátà fóònù yín ná; bí fóònù bá rí i pé Wi-Fi náà kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, á sá padà sórí dátà, ojú ewé náà ò sì ní í ṣí. Bó bá jẹ́ hotspot fóònù ni ẹ fẹ́ kó máa lò, 2.4 GHz ni kí ẹ yàn. ESP8266 kò rí 5 GHz rárá, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ fóònù tuntun máa ń wà bí ẹ kò bá yí i.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi ló kù. 10A yẹn wà fún gílóòbù àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mọ́tọ̀ 1 HP máa ń fa ìlọ́po iná tó ń lò lọ́nà púpọ̀ nígbà tó bá ń gbéra, èyí sì lè lẹ ojú relay kékeré inú swíìṣì (ohun tó ń so iná tó sì ń já a) pọ̀. Bó bá lẹ̀, fóònù á sọ pé ẹ ti pa á, ẹ̀rọ á sì máa fa omi lọ. Ẹ ra kọ́ńtákítọ̀ (relay ńlá tó lè gbé iná mọ́tọ̀) tí kọ́ìlì rẹ̀ jẹ́ 220V, kí swíìṣì Wi-Fi máa tan kọ́ńtákítọ̀, kí kọ́ńtákítọ̀ máa tan ẹ̀rọ omi. Iṣẹ́ oníná tó mọṣẹ́ lapá yìí, kì í ṣe ti ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà nìkan.

Mo ń fi Wi-Fi ṣe ìmúdójúìwọ̀n Tasmota lórí módù 1MB, iná lọ láàárín. Láti ìgbà náà kò jí mọ́. Ṣé kí n jù ú nù? — Àjàṣẹ́-Ìpo

Ẹ má jù ú nù, ẹ kú ìrọ́jú. Iṣẹ́ náà pín sí méjì. Módù á kọ́kọ́ gba fáìlì tuntun sí àyè tó ṣófo nínú fíláàṣì. Bí iná bá lọ nígbà yìí, ti àtijọ́ wà níbẹ̀ láìyingin. Bó bá gbà á tán, á tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ètò kékeré kan á wá da tuntun náà kọ lé ti àtijọ́ lórí. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni, ibẹ̀ sì léwu: àṣẹ «máa dà á kọ» wà nínú ìrántí tí kì í dúró bí iná bá lọ. Iná padà dé, módù ti gbàgbé iṣẹ́ tó ń ṣe, firmware sì jẹ́ àbọ̀ tuntun àbọ̀ àtijọ́.

Serial ló kù. Ẹ so ó bí a ṣe sọ lókè, kí ẹ lo write_flash sí 0x0. Ẹ má ṣe erase_flash, kí orúkọ Wi-Fi àti ohun tí ẹ ti tò sílẹ̀ má bàa lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Nítorí ìgbà mìíràn: lórí 1MB, tasmota.bin ju ìdajì àyè lọ, ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé tasmota-minimal sí i kí tòótọ́ tó tẹ̀lé e, ewu yẹn á sì ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ gbé módù àti MiFi sórí páwà báǹkì tàbí inverter kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì fi minimal sílẹ̀ bí ẹni tó ti parí iṣẹ́, torí ọ̀pọ̀ nǹkan ni wọ́n yọ kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ káàárọ̀, sà. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni mí. ESP32 ni tèmi, ó ní USB lára. Ó ń kọ «Connecting....» títí á fi sú u. Nígbà mìíràn tó bá wọlé, ó ń kọ «flash read err, 1000». — Ìgbàjà

Ọmọ wa, o kú iṣẹ́. Tẹ bọ́tìnì BOOT mọ́lẹ̀ nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ «Connecting», má jù ú sílẹ̀ títí ìdá-ọgọ́rùn-ún á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye. Bí títẹ̀ bá sú ọ, jó kàpásítọ̀ 10 µF mọ́ àárín EN (ẹsẹ̀ tó ń jí ṣíìpù) àti GND, kí ẹsẹ̀ tó ní ìlà wà lára GND. Á dá EN dúró díẹ̀ kí GPIO0 lè ti sọ̀kalẹ̀.

Ní ti «flash read err, 1000», yọ gbogbo ohun tí o so mọ́ GPIO12 kúrò kí o sì tún un tàn. Bí nǹkan kan bá gbé ẹsẹ̀ yẹn sókè nígbà tó ń jí, ESP32 á rò pé fíláàṣì 1.8V ló wà lára òun, iná tó máa fún un kò sì ní í tó. Bí kò bá sí ohunkóhun níbẹ̀, wo ibi tí o kọ fáìlì kọ̀ọ̀kan sí: bootloader ní 0x1000, partition table ní 0x8000, firmware fúnra rẹ̀ ní 0x10000. Bí fáìlì tí o gbà bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tí wọ́n ti pa gbogbo wọn pọ̀, 0x0 ni kí o kọ ọ́ sí. Tí ó bá sì jẹ́ ESP32-C3 tàbí S3 lo ní lọ́wọ́, 0x0 ni bootloader tiwọn wà. Ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sórí irin módù náà kí o tó tẹ àṣẹ.